Òní Ọjọ́ Mẹ́jọ

Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì wa, èyí tó wà láàárín Fìdítì àti Ìlọrà, ojú èmi Olúmidé nìkan ló ṣe. Wọn ò sọ ọ́ fún mi. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ojú mi méjèèjì yìí, tó jẹ́ pé bí mo bá dúró sí Fìdítì mo lè rí èèrà tó ń rìn lórí páànù ní Ìlọrà, òun ni mo fi rí i. Ìka kan ṣoṣo ni Tóyọ̀sí fi ṣe é, ìṣẹ́jú kan ò sì pé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kí ìka náà ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́.

Olúwatóyọ̀sí ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Tóyọ̀sí la máa ń pè é. Ọmọ Fìdítì ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ní ló sì dàgbà sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ má dán ọmọ náà wò. Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣàìsàn, tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ Tóyọ̀sí, ara rẹ̀ á yá fúnra rẹ̀. Nígbà tó wọ ọdún kejì, Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ pè é sí ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ka ìwé atọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń fún yín," ni Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun wí. "Gbogbo òfin ilé-ìwé ló wà níbẹ̀, ẹ ò ṣí i rí."

Tóyọ̀sí ò lè jiyàn. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Èmi gan-an, tèmi ni mo ń gbé ìkòkò ẹ̀wà lé.

"Fóònù lẹ mọ̀ ọ́n wò," ni ọ̀gá náà ń bá a lọ. "Ó yá, bá mi sọ ìwé náà di áàpù, kó wà nínú fóònù yín. Kó ní apá Gẹ̀ẹ́sì, kó ní apá Yorùbá, kí àwọn òbí náà lè mọ òfin tí ọmọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá yọrí, ilé-ìwé máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ títí o fi máa jáde. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Yóò yọrí, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Òfin ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré níbẹ̀ lè gbé ọmọ dìde, ó sì lè gbé e lulẹ̀. Bí o bá ṣe é tán, dán an wò, kó o tún un dán wò."

Oṣù mẹ́ta ni Tóyọ̀sí fi ṣe é. Ó rù títí tó fi jẹ́ pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, òpó náà sanra jù ú lọ. Àmọ́ iṣẹ́ náà dùn ún wò. Èyí tó ń mú orí rẹ̀ wú jù níbẹ̀ ni nǹkan kan tó pè ní Akàjọ́. Bí òfin bá fún ẹ ní iye ọjọ́ kan láti ṣe nǹkan, tẹ Akàjọ́, àràárọ̀ ló máa sọ iye ọjọ́ tó kù fún ẹ.

Ìgbà tó kan apá Yorùbá, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé ní Fìdítì. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó èèpo pákí.

"Ìyá Àgbà, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní bí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá lè ṣe ìdánwò nítorí àìsàn, kó mú lẹ́tà dókítà wá láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún ọdún náà kà. Bó bá jẹ́ Mọ́ńdè ni ìdánwò, lẹ́tà ò gbọdọ̀ kọjá Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?"

Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ajé? Òní ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn."

"Méje ló wà nínú ìwé, Ìyá Àgbà."

"Ìwé ta ni? Na ìka rẹ síta. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Ẹn-ẹ́n. Òyìnbó ló ń ju òní nù bí èèpo pákí. Lọ́dọ̀ tiwa, òní wà nínú ọjọ́. Bí a bá ní ọjà ọrọọrún, òní la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á." Ó ju pákí kan sínú omi. "Àmọ́ kó o sọ fún ẹ̀rọ rẹ o, kó máa ka òní mọ́ ọn. Bí kò bá ka òní mọ́ ọn, irọ́ ló máa pa fún ọmọ aráyé."

Tóyọ̀sí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ mi gbọ́n ju gbogbo wa lọ."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n ju ẹni tó ṣe é, ta ló kọ́ ọ nílé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ mẹ́jọ sí apá Yorùbá. Ó dára, Yorùbá gidi ni. Ṣùgbọ́n Akàjọ́ kì í ṣe ọmọ Fìdítì. Ọ̀la ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ka òní. Mẹ́jọ tí Ìyá Àgbà kà, ọjọ́ Ajé ló parí sí. Mẹ́jọ tí ẹ̀rọ kà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí. Ọjọ́ kan lé. Ká ní Tóyọ̀sí dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti rí i. Kò dán an wò. Fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ iwájú áàpù ló ń yà.

Wọ́n fún wa ní áàpù náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí á máa lò ó. Wọ́n fi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì ìdánwò.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Kaothar, ọmọ Akínmọ̀rìn. Bàbá rẹ̀, Bàbá Àdìsá, àgbẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ló ń rán an ní ilé-ìwé, àdéhùn wọn sì ni pé bó bá fi lè tún ọdún kan kà, wọ́n máa fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Kaothar mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ìwé ló ń kà.

Ọjọ́ Ajé tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ibà gbé e ṣánlẹ̀ níbi tó ti ń wọ bàtà. Bàbá rẹ̀ wá fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wọn. Ọjọ́ Ajé nìkan ni dókítà máa ń yà síbẹ̀, ó sì ti lọ kí wọ́n tó dé. Nọ́ọ̀sì ló tọ́jú rẹ̀. Kaothar tẹ Akàjọ́ lórí ibùsùn, apá Yorùbá ló sì tẹ̀, kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti Tóyọ̀sí jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun, à ń dúró láti bá a sọ̀rọ̀ ìfilọ́lẹ̀. Kaothar àti bàbá rẹ̀ kọjá níwájú wa wọlé. Ọmọ náà di apá bàbá rẹ̀ mú. Ilẹ̀kùn ò padé, gbogbo ọ̀rọ̀ ni à ń gbọ́.

"Àná ni ọjọ́ rẹ̀ pé, Bàbá," ni Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun ń wí. "Ọjọ́ méje ni òfin. Ẹ pẹ́ jù."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, fóònù yín ló ní ó ku ọjọ́ kan."

"Áàpù ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ibo ni fóònù náà wà?"

"Ó ti kú, sà," ni Kaothar fi ohùn kékeré dáhùn. "Iná ò sí lọ́dọ̀ wa láti àná."

"Ẹ lọ fi sí iná. Ẹ padà wá ní aago méjìlá, ká jọ wò ó."

Tóyọ̀sí ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀, ó wá ojú ewé àìsàn kàn, ó lọ sí Akàjọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Mẹ́jọ. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka ọjọ́ lábẹ́ ahọ́n. Ó yẹ kó dìde. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni ilẹ̀kùn sí bẹ́ǹṣì. Ó yẹ kó wọlé kó ní, "Sà, ọmọ yìí ò jẹ̀bi, èmi ni mo ṣì í." Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fọ́tò ara rẹ̀ tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ògiri fún ọjọ́ Ẹtì.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀, bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà títí ayé. Ti inú fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó yí ọ̀rọ̀ padà nínú gbogbo fóònù tó wà láyé, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Tóyọ̀sí na ìka kan. Ó pa mẹ́jọ rẹ́. Ó tẹ méje.

"Tóyọ̀sí," ni mo wí, "kí lo ṣe yẹn?"

"Mo tún un ṣe ni. Ṣé a kì í tún àṣìṣe ṣe ni?"

"Àti Kaothar ńkọ́?"

"Olúmidé, jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ò ju òní ọjọ́ mẹ́rin lọ. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ohun gbogbo ti bàjẹ́ nìyẹn."

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, tí mo lè sọ̀rọ̀ láti Fìdítì dé Ìbàdàn láìgbé itọ́ mì, mo pa ẹnu mọ́.

Ní aago méjìlá, wọ́n ṣí fóònù Kaothar. Ọjọ́ méje ló wà níbẹ̀ gbágbáágbá. Akàjọ́ ní ọjọ́ ti kọjá. Kaothar gba fóònù, ó wò ó, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, bí ẹni pé mẹ́jọ ti bọ́ sílẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀ lánàá," ló ń sọ. "Sà, ó wà níbẹ̀ lánàá."

Ojú Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun le. "Kí èèyàn pẹ́, mo lè gbà á mọ́ra. Kó tún wá parọ́ mọ́ ìwé òfin, n ò ní gbà á. Ọjọ́bọ̀, wá síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tàn ká gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n fi orúkọ tuntun sọ ọmọ náà. Bó bá kọjá, wọ́n á ní, "Ó-ku-ọjọ́-kan, ẹ n lẹ́ o! Ọjọ́ mélòó ló kù?" Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá ń béèrè. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Kaothar di ẹrù rẹ̀, ó gba Akínmọ̀rìn lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Tóyọ̀sí ní kí á jọ lọ bá Kaothar. Ẹ ò ní mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó rò pé ọ̀nà àánú nìyẹn. Ọlọ́kadà kan gbé àwa méjèèjì, ó sì ń sáré débi pé òjìji wa ò bá wa dé, ẹ̀yìn ló ti wá bá wa.

Bàbá Àdìsá wà níwájú ilé, ó ń di pákí sínú àpò. A dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Kaothar, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n?"

Kaothar jáde. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Bàbá mi, Tóyọ̀sí yìí ló ṣe áàpù yẹn."

"Háà! Ìwọ lo ṣe é? Ọlọ́run á fún ọ ní àlùbáríkà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni." Kò sí ẹ̀gún kankan nínú ohùn bàbá náà. Ìyẹn gan-an ló gún Tóyọ̀sí. "Wá, ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan kan. Yóò yé ọ jù mí lọ."

Ó mú wa lọ sí ara ògiri ilé ìdáná. Wọ́n ti fi èédú fa ìlà mẹ́jọ sára ògiri náà. Méje nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dábùú. Ọ̀kan ṣì dúró gbangba.

"Èmi ò mọ̀wé," ni Bàbá Àdìsá wí. "Ọjọ́ tí ọmọ mi dùbúlẹ̀, mo bi í pé kí ni fóònù wí. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Mo fa mẹ́jọ. Àràárọ̀ ni mò ń bi í, àràárọ̀ ni mò ń dábùú ọ̀kan. Ìjẹta, lọ́jọ́ Ajé, dókítà buwọ́ lu lẹ́tà kí oòrùn tó gbóná. Ọmọ mi ní ká lọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ní kó sinmi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mú ilẹ̀. Mo ní ṣebí ó ṣì ku ọ̀kan." Ó fi ìka kan ìlà tó dúró gbangba náà. "Tí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnì kan, ṣé wọn ò lè fi jẹ èmi?"

Tóyọ̀sí fi ojú ka ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kaothar ló sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. "Tóyọ̀sí, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo ti ro ó títí. Bóyá ibà ni kò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Bóyá méje ni mo rí tí mo pè é ní mẹ́jọ fún bàbá mi. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lo mọ̀. Ṣé mo ṣì í kà ni?"

Mo ti rí ẹkún nílé ayé. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún tí agbada kan kún. Ṣùgbọ́n Tóyọ̀sí ò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ògiri náà bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ọmọ tó mọ ohun tó rí ti ń pe ojú ara rẹ̀ lónírọ́, nítorí ìka kan.

"O ò ṣì í kà," ló wí níkẹyìn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìlà yẹn rẹ́. Kí ẹ̀yin náà wá lọ́la."

Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó. Wọn ò tíì bi Kaothar ní ọ̀rọ̀ kan tí Tóyọ̀sí fi dìde.

"Ẹ má bi í ní nǹkan kan, sà. Òtítọ́ ló sọ. Mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀." Ó sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, ó sọ bí ẹ̀rọ ò ṣe ka òní mọ́ ọn, ó sọ ti ìlà mẹ́jọ tó wà ní Akínmọ̀rìn.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun ò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lo rí àṣìṣe náà?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà. Mo wà níta ọ́fíìsì yín."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo yí i padà, sà. Kí aago méjìlá tó lù."

Ọ̀gá Ọ̀pádọ̀tun yọ awò ojú rẹ̀.

"Àṣìṣe àkọ́kọ́, à bá fi rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kì í sọ òní ọjọ́ mẹ́jọ nínú wa níbí. Ìkejì ńkọ́, Olúwatóyọ̀sí? Ìkejì kì í ṣe àṣìṣe. O jẹ́ kí n pe ọmọ olóòótọ́ ní òpùrọ́ níwájú bàbá rẹ̀." Ó dìde, ó yíjú sí Bàbá Àdìsá. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Kaothar, forí jì mí."

"Ó ti tán, ọ̀gá," ni Bàbá Àdìsá wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́ kù lára ògiri mi náà ló bá a yìí."

Wọ́n gba lẹ́tà Kaothar, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àdéhùn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ò yẹ̀. Tóyọ̀sí ní tirẹ̀, wọ́n ní kó lọ sílé fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Ìlérí ọ̀gá àgbà wọmi. Kó tó lọ, wọ́n ní kó máa wọ kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé Kaothar ò parọ́. Ó ṣe é. Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ìyá Àgbà gbọ́, kò bú u. Ó kàn ní, "Mo ní kó o ka òní mọ́ ọn. Ohun tó o ṣe lónìí náà, máa kà á mọ́ ọn."

Áàpù náà wà báyìí, Tóyọ̀sí ló padà wá parí rẹ̀. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé àtijọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹni tó yí i àti ọjọ́ tó yí i máa hàn níbẹ̀ fún tajá tẹran. Ohun tó wà lókè pátápátá ni èyí: "Ọjọ́ mẹ́jọ di ọjọ́ méje. Olúwatóyọ̀sí ló yí i padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́, àṣìṣe ni yóò máa jẹ́. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn lè jìyà rẹ̀, ó ti di ìkà. Ẹni tó sì rí i tó dákẹ́, ó ní ìlà tirẹ̀ lára ògiri náà. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ ìgbìmọ̀. Tóyọ̀sí ò dárúkọ mi, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí. Òní ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ mí. Ẹ máa ní Olúmidé tún ti ń fi kún un. Lóòótọ́, mo lè ti fi díẹ̀ kún ìrìn ọlọ́kadà yẹn, mo sì lè ti fi kún ojú mi. Ṣùgbọ́n n ò fi ọjọ́ kankan kún ọjọ́ wọ̀nyí. Ẹ lọ sí Akínmọ̀rìn, ẹ béèrè ilé Bàbá Àdìsá, ẹ wo ògiri ilé ìdáná. Ìlà mẹ́jọ, wọ́n dábùú méje, ọ̀kan dúró. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì gbà mí gbọ́. Mo ní kí ẹ gbà mí gbọ́.